Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì

Ìgbà kẹsàn-án rèé tí Abẹ́rẹ́ máa fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ irin náà, ìgbà kẹsàn-án náà sì rèé tí ilẹ̀kùn máa padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Aṣọ ilé-ìwé tó wọ̀ wá láti àárọ̀ ti dọ̀tí kọjá ohun tí ọṣẹ lè gbà là.

"Ó mà rẹ̀ mí o," ló sọ fún ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ò dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì kan ló ni ọkọ̀ náà, obìnrin tó ń lọ láti ilé dé ilé láti tọ́jú àwọn àgbàlagbà tí kò lè dìde mọ́. Lọ́jọ́ kan ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ọkọ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn pa. Ẹnì kan tó fẹ́ ṣàánú rẹ̀ ki irin bọ orí ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ ẹ́ síta, ó tún tẹ̀ ẹ́, títí ó fi rí kọ́kọ́rọ́ fà yọ. Kọ́kọ́rọ́ jáde lóòótọ́, àmọ́ férémù ilẹ̀kùn, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí gíláàsì ká, ti ya síta. Láti ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, afẹ́fẹ́ á máa súfèé sí nọ́ọ̀sì létí. Àkókò òjò sì ti dé.

Bàbá Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nínú gbogbo ọgbà àwọn atúnkọ̀ṣe yẹn, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú férémù tó wọ́ tọ́ bí i tirẹ̀. Àwọn ẹlòmíì á ti orúnkún bọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì fa òkè rẹ̀ gìdìgìdì, kí Ọlọ́run ṣáà bá wọn ṣe é. Bàbá ní irin tirẹ̀, irin gígùn kan tó ní ìka méjì lórí, tí wọ́n fi rọ́bà wé ìka náà kó má baà ha ọ̀dà. Oníka-méjì ni gbogbo ọgbà ń pè é. Èèyàn á fi ìka yẹn gbá férémù mú, á wá rọra fi apá irin tẹ̀ ẹ́ wọlé. Fà á díẹ̀, tú u sílẹ̀, pa ilẹ̀kùn dé, fi bébà wò ó, kí o tó tún fà á. "Irin kì í tètè gbàgbé ibi tó ti wá," ni Bàbá máa ń wí. "Bó o bá fi ìbínú fà á, á bá ẹ bínú. Sùúrù ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá jà."

Ti bébà yẹn ò le. Wọ́n á gé e tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á pa ilẹ̀kùn dé e, wọ́n á fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, àyè ṣì wà níbẹ̀, omi á wọlé. Bí rọ́bà etí ilẹ̀kùn bá dì í mú, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èjìká ọ̀tún Bàbá ti dáṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ kan ló ń lò, iṣẹ́ méjì sì ti ipa bẹ́ẹ̀ padà wá. Ọ̀gá tó ni ọgbà náà kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti sú òun náà. "Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "bí ẹ̀kẹta bá fi lè padà, ẹ ó gbé irin yẹn sílẹ̀, ẹ ó lọ jókòó sẹ́nu géètì, kí ẹ máa ṣí i fáwọn ọlọ́kọ̀." Áà! Ẹni tó ń tún ilẹ̀kùn ṣe kó wá di ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún èèyàn! Bàbá fi ẹ̀rín gbà á, àmọ́ kò fọwọ́ kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ rí i.

Ìdí nìyẹn tó fi ń wá ràn án lọ́wọ́ lẹ́yìn ilé-ìwé. Nítorí pé ó tín-ín-rín ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà mọ̀ pé bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ní Ọjọ́bọ̀, òun àti Bàbá jọ fa férémù náà títí ó fi ku igun kan ṣoṣo, lókè lápá ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ Ẹtì, Bàbá ní láti lọ sílé ìwòsàn.

"Ìyá mi," ló wí fún ọmọ rẹ̀ kó tó lọ, "ìwọ̀n eékánná ló kù. Má kánjú. Bí kò bá parí, sọ fún nọ́ọ̀sì pé kó padà wá lọ́la. Kò sóhun tó burú níbẹ̀."

Abẹ́rẹ́ gbọ́ o. Àmọ́ aago mẹ́ta ti lù báyìí, aago mẹ́rin ni nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Ìdánwò ìṣirò ń bẹ lọ́jọ́ Ajé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti pé síbi tí wọ́n ti ń kàwé. Bó bá sì ní kí nọ́ọ̀sì padà lọ, ṣé Ọ̀gá ò ní sọ pé Bàbá ti ń fi iṣẹ́ falẹ̀? Ó fa oníka-méjì lẹ́ẹ̀kẹwàá. Ó pa ilẹ̀kùn dé, ó fa bébà. Bébà yọ wẹ́rẹ́.

"Abẹ́rẹ́! Ṣé ìwọ lò ń bá ilẹ̀kùn jà ni, àbí ilẹ̀kùn ló ń bá ẹ jà?"

Kò-sí-wàhálà ni, ọkùnrin tó ń kun ọkọ̀ lọ́dà. Kò sí ohun tí wọ́n lè bi í tí kò ní fi "kò sí wàhálà" dáhùn, wàhálà ì báà ti mù ún dé ọrùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku bíńtín, kò sì fẹ́ wọlé."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wo igun náà, ó pòṣé. "Torí èyí lo ṣe ń làágùn báyìí? Gé fóòmù lára àga àtijọ́ yẹn, tẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn yọ níbi igun, ki fóòmù sẹ́yìn ẹ̀, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó o dá rọ́bà padà. Rọ́bà á wú síta, á lọ bá férémù níbi tó wà. Ta ló máa mọ̀?"

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Ṣebí bébà ni bàbá ẹ máa ń bi. Bébà á sọ fún un pé ó ti dáa. Kò sí wàhálà!" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé Abẹ́rẹ́ ò mọ̀ pé kò dáa. Ó mọ̀ dájú. Ṣùgbọ́n apá ń ro ó, ẹ̀yìn ń dùn ún, orí rẹ̀ kún fún ìṣirò tí kò tíì kà. Bí ara bá ti rẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àbùjá a máa dà bí ọ̀nà gidi lójú ẹni. Ó gé fóòmù. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Nígbà tí aago mẹ́rin ku díẹ̀, Bàbá wọlé, aṣọ funfun ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ní kí Abẹ́rẹ́ bá òun gé bébà. Ó yẹ ilẹ̀kùn náà wò yíká, ó fi igun yẹn kẹ́yìn. Bébà ò yọ. Ó fà á síi, bébà já sí méjì.

"Háà!" Ojú rẹ̀ tàn. "Ìyá mi, ọwọ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n!"

Abẹ́rẹ́ wolẹ̀. Ká ní ó bú u ni, ì bá sàn fún un.

Nọ́ọ̀sì dé. "Bàbá, ṣé omi ò ní wọlé mọ́?"

"Omi ò gbọdọ̀ wọlé. Bó bá wọlé, èmi ni kí ẹ bi."

Lọ́jọ́ Àìkú, òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ jókòó ti ìwé ìṣirò, ojú ìwé kan náà ló kà lẹ́ẹ̀mẹfà. Gbogbo bí òjò ṣe ń lu páànù ló ń lù ú láyà. Ohun tí fóòmù ń ṣe kò ju kó mu omi lọ, bó bá sì mu ún yó, á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ọ́. Bébà nìkan ló lè tàn jẹ, kò lè tan òjò.

Lọ́jọ́ Ajé, ó jáde nínú ìdánwò, kò dúró bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọgbà ló forí lé. Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ rí. Wọ́n sá àwọn káàdì kan sórí rẹ̀ bí ẹni sá aṣọ, káàdì mẹ́tàlélógójì, yíǹkì ara wọn ti ṣàn pọ̀ mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì ò pariwo. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ariwo lọ. "Bàbá, orí àga ni mo kó wọn sí. Ìlò oògùn àwọn aláìsàn mi ni mo kọ síbẹ̀. Ta ló ń lo méjì láàárọ̀? Ta ni ò gbọdọ̀ lo ju ẹyọ kan lọ? Mi ò lè kà á mọ́."

Ọ̀gá dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Bàbá ń rìn yí ọkọ̀ po. Oòrùn ti gbẹ etí ilẹ̀kùn, ó sì ti fi bébà wò ó níbi gbogbo, títí kan igun yẹn. Gbogbo rẹ̀ dì í mú. Ó yẹ òrùlé ọkọ̀ wò, ó fi ọwọ́ òsì tó dá ṣáká pa á kiri, bóyá á rí ibi tó ya. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó kọjú sí Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, bébà ò parọ́, torí náà ọwọ́ mi ló jẹ̀bi. Ó ní láti jẹ́ pé nígbà tí mo fi ọwọ́ kan fà á ní Ọjọ́bọ̀, mo fa ibì kan ya nínú tí mi ò mọ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti lé mi. Èmi náà ti mọ̀ pé ó ti tán lọ́wọ́ mi." Ó mú àkísà, ó ń nu oníka-méjì, bí èèyàn ṣe ń nu ohun tí kò ní lò mọ́.

Lápá ọ̀hún, Kò-sí-wàhálà ń mi orí sí Abẹ́rẹ́, ó fi ìka lé ètè. Dákẹ́. Bó bá dákẹ́ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Bàbá á lọ sẹ́nu géètì, á máa jókòó síbẹ̀, á sì gbàgbọ́ títí tó fi máa kú pé ọwọ́ òun ló da òun.

"Bàbá, kì í ṣe ọwọ́ yín!"

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó sáré sídìí ilẹ̀kùn, ó já rọ́bà igun náà, ó fa fóòmù jáde. Omi ṣì ń kán lára rẹ̀. "Èmi ni. Kò fẹ́ wọlé, mo bá ki eléyìí sí i. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì." Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu.

"Ta ló kọ́ ẹ?" Ọ̀gá ló béèrè.

"Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, sà."

Kò-sí-wàhálà ń wo bàtà ara rẹ̀.

Bàbá gba fóòmù náà, ó wò ó pẹ́. Kò gbá a létí, kò sì bú u. Ó kàn wá ibì kan jókòó. "Láti àárọ̀," ló wí, "láti àárọ̀ ni mo ti ń bi ọwọ́ mi léèrè ohun tí kò mọ̀ nípa ẹ̀. Ká ní o sọ fún mi pé kò tíì wọlé ni, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Nọ́ọ̀sì á padà wá lọ́jọ́ kejì. Kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ."

Ọ̀gá ní kí Bàbá gbé irin rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò ní lọ sẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bà á ló máa tún un ṣe, lójú bàbá rẹ̀. Ọjọ́ méjì ló gbà wọ́n. Ìgbà mẹ́tàlélógún ni Abẹ́rẹ́ fa igun yẹn kí bébà tó dúró nítorí férémù, kì í ṣe nítorí fóòmù. Bó bá sì kúrò níbẹ̀, á lọ sílé ìwòsàn, á jókòó ti ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn aláìsàn sí, á máa da káàdì kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì á sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣe ìdánwò kẹ́mísírì. Ìdajì ìwé ló rí kà. Kò yege, ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó tún un ṣe.

Nígbà tó di Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì wá gbé ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá fọwọ́ lé ilẹ̀kùn. "Nọ́ọ̀sì, omi ò ní wọlé mọ́."

"Ẹ ṣé, Bàbá." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì ní àbòsí. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí bọ́kẹ́ẹ̀tì?"

Ó pọn omi fúnra rẹ̀, ó dà á sórí ilẹ̀kùn, ó ṣí i, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa àga. Ó gbẹ. Ó tún lọ pọn òmíràn, ó tún dà á. Bàbá dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, bó bá ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò béèrè omi rí. Abẹ́rẹ́ wo ojú bàbá rẹ̀, ó sì mọ̀ ní wákàtí yẹn pé òun ò lè fi irin kankan mú eléyìí tọ́. Ó gba bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó lọ pọn ẹ̀kẹta wá fún un.

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti Abẹ́rẹ́ ò tiẹ̀ lọ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín. Bí iṣẹ́ ò bá tíì parí, ẹ sọ pé kò tíì parí. Ìtìjú rẹ̀ ò lè ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi irọ́ dí ihò tó kù, ẹni tó gbà yín gbọ́ jù lọ lòjò máa kọ́kọ́ pa.