Ohun Tó Wà Nínú Fóòmù Màmá

Ọ̀rẹ́ mi tí o mú ìwé pélébé yìí dání, jókòó. Ṣùgbọ́n kí o tó jókòó, wo ohun tí o fẹ́ jókòó lé dáadáa. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn, kò sì yẹ kó dùn.

Ọkùnrin kan wà tó ń fi fóòmù àti aṣọ bo àga àti ibùsùn jẹun. Onítìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bó bá rán awọ sí àga tán, o kò ní rí ojú abẹ́rẹ́ rárá, ńṣe ni àga náà yóò máa dán yinrin.

Inú àga ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó ń ṣa ẹrù àlòkù káàkiri ló ń ta fóòmù fún un, fóòmù tí àwọn ènìyàn ti sùn lé títí tó fi ṣá, tí wọ́n sì gbé e jù sí ààtàn. Òmíràn jẹ́ ti ọmọ tó ń tọ̀ sílé. Òmíràn jẹ́ ti aláìsàn tó ti kú. Onítìmùtìmù kì í tú u wò. Á sá a sóòrùn díẹ̀, á fi aṣọ tuntun wọ̀ ọ́, á fọ́n lọ́fíńdà sí i, á sì tà á ní tuntun. Ta ló máa ń tú ohun tí kò fẹ́ rí?

Ọkùnrin yìí kan náà, iwájú ló ń jókòó sí ní ilé ìjọsìn, pẹ̀lú aṣọ funfun tó lọ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá. Irú ìríra wo nìyí!

Ohun kan ṣoṣo ló gba ọkàn rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì kan tó wà lójú títì. Ó fẹ́ kúrò ní ẹ̀yìnkùlé tó ti ń ṣiṣẹ́, kí àwọn ènìyàn máa kọjá, kí wọ́n máa wo àga rẹ̀ láti ìta, kí wọ́n máa dárúkọ rẹ̀. Kò burú kí ènìyàn fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti kọjá fífẹ́, ó ti di òrìṣà. Bó bá kúnlẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Olúwa, ìfẹ́ tìrẹ ni kó ṣẹ." Kó tó ṣe àmín, á ti júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún Ọlọ́run, títí kan ọ̀dà tí òun fẹ́ fi kun ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó tún ṣèlérí pé bí ṣọ́ọ̀bù náà bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á ṣe àga àrà ọ̀tọ̀ kan fún pẹpẹ. Ọlọ́run ló fẹ́ fún ní rìbá!

Káfíńtà tó ń kan igi àga fún un jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ó gbọ́ àdúrà yìí lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rẹ́ mi, àdúrà kọ́ lò ń gbà yìí o. Iṣẹ́ lò ń rán Ọlọ́run."

"Ṣé kí n má sọ ohun tí mo fẹ́ ni?"

"Sọ ọ́. Ṣùgbọ́n o ti bi í léèrè ohun tí òun fẹ́ rí? O ti fi ayé rẹ lé Jésù lọ́wọ́ rí, kó ṣe é bó ṣe wù ú?"

Onítìmùtìmù pòṣé. "Bí mo bá fi lé e lọ́wọ́, tí kò wá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Káfíńtà wí. "O ti wá sọ ohun tó wà nínú rẹ gan-an."

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni ìyá Onítìmùtìmù ṣubú ní balùwẹ̀, tí eegun ìbàdí rẹ̀ dá. Màmá kò lè dá dìde mọ́. Wọ́n gbé e wá sílé ọmọ rẹ̀, sí yàrá ẹ̀yìn tí ọmọ náà ń kó fóòmù sí. Inú bí ọkùnrin yìí. Ẹnu ń wí pé, "Màmá, ẹ káàbọ̀," ọkàn ń wí pé, ibo ni n ó wá kó ẹrù mi sí?

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni màdáàmù kan tó ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun ní kó wá bá òun ṣe gbogbo àga ibẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí ni yóò fi gba ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì. Ó ra ojúlówó fóòmù tuntun kan ṣoṣo, fún àga gbọọrọ tí màdáàmù yóò fúnra rẹ̀ jókòó lé wò. Àlòkù ló kì sínú àwọn àga yòókù.

"Fóòmù tuntun yẹn ì bá dára fún ẹ̀yìn Màmá," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Ti àga màdáàmù ni. Màmá ò lè mọ ìyàtọ̀."

Ó fa àlòkù kan yọ láàárín ẹrù, ó fi aṣọ olódòdó wọ̀ ọ́, ó sì tẹ́ ẹ fún obìnrin tó lóyún rẹ̀ tó sì bí i.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Yàrá ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ wá wo ẹ̀yìn Màmá. Ó ti ń di egbò o."

Ó ní òun ń bọ̀. Kò lọ. Nígbà tí òórùn náà dé pálọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, ó na ọwọ́ wọlé, ó fọ́n lọ́fíńdà, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Lọ́fíńdà tó ń fọ́n sí àga náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí rí mi lára, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀sán Sátidé ni Káfíńtà yà wá kí Màmá. Ó wọ yàrá, ó sì kígbe pe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jọ gbé Màmá dìde. Aṣọ olódòdó náà ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, àfi kí wọ́n rọra máa ṣí i kúrò lára ẹran ara rẹ̀. Ohun dúdú kan ti rin láti inú fóòmù bọ́ sórí aṣọ.

Onítìmùtìmù mú ọ̀bẹ iṣẹ́ rẹ̀, ó la aṣọ náà. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò wo inú ohun tó ń bò rí. Ìdun ń rọ́ jáde. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dúdú, ọyún egbò ẹni tí kò mọ̀, ìtọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́, gbogbo rẹ̀ ti dì pọ̀ mọ́ fóòmù. Ó sáré jáde, ó sì bì títí kò fi sí ohun tó kù nínú rẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, ìyá rẹ̀ ń wò ó.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ọmọ mi, mo ti gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọjọ́ tó o ti tẹ́ ẹ. Mo rò pé òun lo ní ni."

Òun lo ní! Fóòmù tuntun sì wà ní pálọ̀, nínú àga màdáàmù tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó lé. Onítìmùtìmù wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì kórìíra rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Inú mi ló rí báyìí," ló wí fún Káfíńtà. "Mò ń wọ aṣọ funfun, mò ń kọrin, ṣùgbọ́n inú mi ló rí báyìí. Ṣé Ọlọ́run lè wo irú èyí kó má bì?"

"Ó ti ń wò ó tipẹ́, ìwọ ni o kò fẹ́ wò ó. Nítorí ẹ̀ ló ṣe rán Ọmọ rẹ̀ wá kú. Jésù kì í rán aṣọ bo ìdọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fi ń wẹ̀ ẹ́ nù. Àmọ́ kò ní já ohun tó o dì mú gbà lọ́wọ́ rẹ. Ju ṣọ́ọ̀bù yẹn sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi."

Onítìmùtìmù sunkún bí ọmọdé. Ó kúnlẹ̀ nínú yàrá tó ń rùn yẹn. "Jésù, orúkọ rẹ ni mo fi ń bo ara mi. Ṣàánú mi, wẹ̀ mí. Mo ti ju ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Ohun tó o bá fẹ́ ni kó o fi mí ṣe." Kò júwe ilẹ̀kùn kankan lọ́jọ́ náà.

Bó ti dìde, pálọ̀ ló gbà lọ. Ó la àga màdáàmù, ó fa fóòmù tuntun náà yọ, ó sì tẹ́ ẹ fún ìyá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ lọ pe nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí màdáàmù dé, Èṣù sọ fún Onítìmùtìmù pé kó purọ́ pé àga kò tíì tán. Kò gbọ́ tirẹ̀. Ó la ọ̀kan nínú àwọn àga náà lójú obìnrin yìí.

"Màdáàmù, ẹ wo ohun tí mo fẹ́ tà fún yín."

Màdáàmù fi ìborùn bo imú. "Èyí lo fẹ́ kí àwọn àlejò mi jókòó lé? Ìwọ èèyàn yìí!" Ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì lọ. Ẹni tó ń ta fóònù ló gba ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì.

Onítìmùtìmù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, ó ń jẹ́wọ́ fún àwọn tó ti tà fún, ó sì ń pààrọ̀ fóòmù wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan dárí jì í. Ọ̀kan gbá a létí.

Egbò Màmá san, ìbàdí rẹ̀ kò san. Ẹ̀yìnkùlé ni ọmọ rẹ̀ ṣì ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú Màmá ń darí àwọn tó ní aláìsàn nílé sí Onítìmùtìmù, òun sì ń ṣe ibùsùn fún wọn. Kì í rán ojú tó kẹ́yìn títí ẹni tó ni ín yóò fi wo inú rẹ̀. Nígbà mìíràn tó bá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ṣì máa ń dùn ún. Á sọ fún Olúwa pé ó dun òun, á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ tí ò ń kà á ńkọ́? O ti bú Onítìmùtìmù tán, àbí? Ó dára. Kí ni ìwọ náà ń bò? Kí lò ń lé kiri tí o kò fi fẹ́ bi Ọlọ́run léèrè, nítorí o mọ̀ pé ó lè ní rárá? Ta ló ń sùn lórí ìdọ̀tí kí tìrẹ lè máa dán lójú ayé?

Má lọ sí ilé ìjọsìn lọ fọ́n lọ́fíńdà sí i mọ́. Níbi tí o wà yìí, kí ọ̀la tó dé, tú u. Sọ fún Jésù pé, "Inú mi rèé, gbà á, kí o sì fi mí ṣe ohun tó o fẹ́." Kò ní sá fún ọ. Láti ọjọ́ tí o ti rán aṣọ bò ó ni ó ti ń gbọ́ òórùn rẹ̀.