Ẹyẹ Khalti Zhour

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá ní ìlú Sétif, ní orílẹ̀-èdè Algeria. Yìnyín bo òrùlé, gbogbo ilé sì ń tan gáàsì. Wassila jókòó sídìí fóònù ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, ó ń mu kọfí, ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn wéréwéré.

Ẹ̀rọ tí ń fi gáàsì mú omi gbóná ni Lakhdar, bàbá rẹ̀, ń tà. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì kéré, bí òtútù bá ti dé, òun fúnra rẹ̀ ní í padà lọ sílé àwọn tó rà á, á yẹ iná àti páìpù èéfín wò, á mu kọfí wọn kó tó máa lọ. Nísinsìnyí iṣẹ́ ti gbòòrò, ọkọ̀ ti pọ̀, kò sẹ́ni tó ń ráyè ìyẹn mọ́. Àṣẹ tó pa fún Wassila ni pé ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá bàjẹ́, kó tètè sọ fún un pé ó dàbọ̀.

Fóònù dún. Ìyá àgbà kan ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ pè ní Khalti, bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin àgbà ní Ammi.

"Ọmọ mi, Khalti Zhour ni, ìyàwó Ammi Tayeb. Bàbá ẹ ló ta ẹ̀rọ omi wa fún wa."

"Ẹ káàárọ̀, Khalti. Ṣé kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́ kẹ̀! Omi ẹ̀ gbóná dáadáa. Ẹyẹ wa ló kú. Maknin tó ń kọrin nínú àgò nílé ìdáná, a jí, a bá a nílẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Wassila. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ omi là ń bá èèyàn mú gbóná, Khalti, a kì í ṣe dókítà ẹyẹ."

"Má fi mí ṣẹ̀sín, jàre. Orí tún ń fọ́ Ammi Tayeb, mo wá ní..."

"Ẹ fún wọn ní tíì, kí wọ́n sùn díẹ̀. Ó dàbọ̀, Khalti." Fóònù kejì ti ń dún.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò tó kanlẹ̀kùn títí láìrí ẹni dáhùn ti já ilẹ̀kùn ilé Khalti Zhour wọlé. Ammi Tayeb ti kú sórí àga tó ti ń sinmi. Wọ́n sáré gbé Khalti Zhour lọ sọ́sibítù.

Nígbà tí Lakhdar àti Wassila dé ilé náà, wọ́n bá panápaná kan tó mú àkísà lọ́wọ́.

"Èyí ni wọ́n fi dí ihò atẹ́gùn nítorí òtútù," ó ní. "Bí atẹ́gùn ò bá wọlé, gáàsì ò ní jó tán. Iná á di pupa rúsúrúsú dípò àwọ̀ aró. Èéfín burúkú tó ń jáde níbẹ̀ ò ṣeé rí, kò sì ní òórùn. Ẹyẹ ló sábà máa ń kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn ẹ̀ ni orí fífọ́, èébì, oorun. Ṣé kò sẹ́ni tó rí àmì kankan ni?"

Wassila rántí ẹyẹ àti orí fífọ́ tí Khalti Zhour sọ fún un. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á.

"Nígbà tí mo ṣì ń wá, ọdọọdún ni mo máa ń yọ àkísà yẹn dànù," ni Lakhdar wí. "Tayeb á máa bá mi jà, á ní ṣé mo fẹ́ fi òtútù pa òun ni."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Lakhdar lọ sọ tẹnu rẹ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ó dá ọjà títà dúró títí wọ́n fi yẹ ilé gbogbo oníbàárà wò, àkísà tí wọ́n sì rí yọ kò kéré. Nígbà tí Khalti Zhour padà sílé, Wassila lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń sunkún.

Ìyá náà wò ó títí. "Mo fẹ́ ní kẹ́ ẹ wá bá wa wò ó ni," ó ní. "O ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo gáàsì, ẹ má dí ihò atẹ́gùn. Bí iná bá pọ́n, tàbí tí orí bá ń fọ́ yín nínú ilé, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ pa gáàsì náà, ẹ jáde síta, kí ẹ tó pe panápaná. Ẹ̀yin tí òwò yín sì ń gbòòrò, ẹ jẹ́ kí etí yín gbòòrò pẹ̀lú rẹ̀. Oníbàárà kì í mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é, ohun tó rí nìkan ló lè sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.