Orúkọ Ògúnkúnlé Pọ́n Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀. Ní ọ́fíìsì ìkọ́lé kan ní Ìbarà, bíríkìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó lé eku méjì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni. Wùnmí gbàdúrà tán, ó tan kọ̀ǹpútà. Òun ló ń ṣètò iṣẹ́ fún Ọlálẹ́yẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ni ilé iṣẹ́ náà. Orí kọ̀ǹpútà ni àwọn méjèèjì ti ń pín òṣìṣẹ́ sẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ náà ni Wùnmí ń kọ wákàtí tí kálukú ṣe sí. Àfi bí orúkọ Ògúnkúnlé, olórí bíríkìlà wọn, ṣe pọ́n bí ẹ̀jẹ̀!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wò ó. Ẹ fi Ògúnkúnlé sí ilé ìwé tí à ń kọ́ ní Adigbe, ẹ tún fi í sí ṣọ́ọ̀bù Kútọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Wákàtí mẹ́jọ lèèyàn ń ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Mẹ́rìndínlógún lẹ dì lé e lórí."

Ọlálẹ́yẹ rẹ́rìn-ín. "Ṣé kọ̀ǹpútà ló máa kọ́ mi níṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí o tó hu eyín? Kọ ọ́ pé mẹ́rìndínlógún lagbára rẹ̀ lóòjọ́, pupa yẹn á kúrò."

"Pupa á kúrò, àárẹ̀ ńkọ́? Ẹ sún iṣẹ́ Kútọ̀ síwájú, tàbí kẹ́ ẹ gba bíríkìlà mìíràn kún un."

"Mo ti ṣèlérí fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Yí i!"

"Mi ò yí i."

Ọlálẹ́yẹ na ọwọ́, ó yí i fúnra rẹ̀. Pupa lọ, ojú kọ̀ǹpútà tutù bí omi àmù.

Ògúnkúnlé, akin tí í to búlọ́ọ̀kù bí ẹni to eyín sẹ́nu ọmọge, bá ń fi ọ̀sán ṣe Adigbe, ó ń fi òru ṣe Kútọ̀. Kò pẹ́, oorun gbé e lórí pákó gíga tó dúró lé. Ó já bọ́, itan rẹ̀ ṣẹ́. Iṣẹ́ Adigbe dúró, ti Kútọ̀ dúró. Eku méjèèjì sá wọgbó.

Ọlálẹ́yẹ tilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó rọ ohùn, ó fi oríkì pe Wùnmí. "Àbẹ̀ní, àbúrò mi, dákun, dín wákàtí Ògúnkúnlé kù. Kọ ọ́ pé mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń ṣe. Orúkọ bàbá wa kò gbọdọ̀ bàjẹ́."

"Háà! Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Olúmọ! Orí àpáta ni bàbá wa gbé orúkọ náà kà, ẹ̀yin wá fẹ́ fi iyanrìn gbé e ró? Ẹ ti sọ fún Ifádùnmí, ìyàwó Ògúnkúnlé, pé ọtí ló gbé ọkọ rẹ̀ ṣubú. Obìnrin náà ń sunkún ìtìjú káàkiri ọsibítù. Ẹ lé mi níṣẹ́ bó bá wù yín, mi ò ní fọwọ́ kan wákàtí kankan!"

Ọlálẹ́yẹ jókòó, kò lè wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, pupa tí kọ̀ǹpútà ń tàn kì í ṣe ọ̀tá yín. Ẹ sún ọjọ́ síwájú, ẹ wá ẹlòmíràn kún iṣẹ́. Ẹ má yí agbára ọmọ ènìyàn kó lè bá ìlérí yín mu. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ rí i pé wákàtí tẹ́ ẹ ṣe gan-an ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọlọ́run tó dá ọ̀sán tó dá òru kò fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Wùnmí mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, kí ẹ fẹnu ara yín sọ fún Ifádùnmí pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ dì lé ọkọ rẹ̀ lórí ló gbé e ṣubú, kì í ṣe ọtí."