Kànga Tó Kọjá Epo ní Bárúwà

Òótọ́ lọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó fa omi kànga ilé rẹ̀ mu, kó lọ sùn. Ilẹ̀ ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó gba òun gbọ́.

Lọ́dún 1993, gbogbo kànga àdúgbò Festus ní Bárúwà ló ń rùn bíi kẹrosíìnì. Wọ́n ní epo ló ń jò lábẹ́ ilẹ̀ níbì kan. Festus ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Ìkẹjà. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Sátidé. Òun ló pe Ràímì agbẹ́kànga pé kó bá òun gbẹ́lẹ̀ kọjá epo náà, títí yóò fi kan omi tó mọ́.

Ràímì wò ó bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó wọ bàtà. "Ọ̀gá, bí ẹ bá ní ká gbẹ́ ẹ dé ìlú òyìnbó, a ó gbẹ́ ẹ."

Ìgbéraga Ràímì ò kéré sí ti Festus. Ó kàn jẹ́ pé tirẹ̀ ò wọ táì ni.

Jàfárù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀, ló ń wọ inú kànga. Ràímì a dúró lókè, a di okùn mú. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, nítorí ariwo a máa jẹ́ kí yanrìn ya lu ẹni tó wà níbẹ̀. Okùn ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá mì lẹ́ẹ̀kan, korobá ti kún. Bó bá mì lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fà mí jáde. Ìyà gidi ni fún Jàfárù, torí lókè ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá kan ọ̀run àpáàdì, ṣé kí n bá yín kí wọn?" ló wí bó ṣe ń so okùn mọ́ ìbàdí.

"Wọlé jàre, aláròyé."

Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n òru wà nínú kànga. Ìró ọkọ́ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbù. Gbù. Iyẹ̀pẹ̀ dúdú ń gòkè, ó ń rùn. Nígbà tó yá, funfun ló kù tó ń gòkè. Kò rùn. Kò tutù. Festus bù ú sọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó dá ayé.

"Ṣé ẹ rí i? A ti kọjá epo."

Ìró ọkọ́ dákẹ́.

Okùn mì lẹ́ẹ̀mejì.

Ràímì fà á. Jàfárù ló jáde. Kò sí ẹrẹ̀ kankan lára rẹ̀. Ó tú okùn, ó jókòó sórí rìngì kọnkéré tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara kànga, tí wọn ò tíì sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo oòrùn bí ẹni tí kò rí i rí.

"Omi ńkọ́?" ni Festus bi í.

"Ṣé wọ́n gé ahọ́n ẹ níbẹ̀ ni?" ni Ràímì wí.

Kò dáhùn.

Ìgbà náà ni ohùn kan ti inú kànga jáde, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n. Ta lẹ fà lọ yẹn? Ẹ sọ okùn sílẹ̀ fún mi."

Ohùn Jàfárù ni. Ràímì wo kànga, ó wo ẹni tó jókòó. Jàfárù kì í sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Jàfárù kì í dákẹ́ lókè. Èwo ni kó gbà?

"Ẹ má sọ okùn kankan sílẹ̀ o," ni Festus wí. "Ẹ jẹ́ ká dé e pa."

"Ọmọ ìyá mi ni."

"Ọmọ ìyá yín ló jókòó síbí yìí, àbí?"

Ràímì sọ okùn sílẹ̀. Nǹkan dì í mú. Ó wúwo bí ènìyàn, kò dín, kò lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Festus, tó jẹ́ pé ìyàwó ló ń bá a pa adìẹ Kérésìmesì, sáré gbé àdá kan tó wà nílẹ̀. Ó gé okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kò sí igbe. Kò sí ìró ohun tó já lulẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gbù. Gbù. Ọkọ́ tún bẹ̀rẹ̀. Kò gòkè bọ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ó ń jìnnà sí i.

Ràímì gbàgbé gbogbo ohun tí iṣẹ́ kọ́ ọ. Ó na ọrùn sẹ́nu kànga, ó ké, "Jàfárù!"

Yanrìn ya. Ó ya láti òkè dé ìsàlẹ̀, kànga sì dí bí ẹni pé wọn ò gbẹ́ ẹ rí. Ẹni tó jókòó sórí rìngì ò yíjú wò ó.

Kí ni Ràímì ìbá ṣe? Ó mú un lọ sílé Jàfárù ní Dópẹ̀mú. Mọ̀dínátù, ìyàwó Jàfárù, wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó kúnlẹ̀ fún Ràímì.

"Bàbá Àdíját, ẹ káàbọ̀."

Ó yíjú sí ẹni kejì. Ó tún kúnlẹ̀, ó rọra rẹ́rìn-ín músẹ́, bí a ṣe ń ṣe fún àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, sà."

Ó gbé àga fún àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló wá na ọrùn wo títì.

"Ọkọ mi ńkọ́, Bàbá Àdíját? Ṣé ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni?"