Ẹ Gbé Ọ̀pá Yẹn Fún Mi

"Ẹ gbé ọ̀pá yẹn fún mi, Bàbá."

Bàbá arúgbó tó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù wa di ọ̀pá rẹ̀ mú gírígírí, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jà á gbà. Bàtà tuntun ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Tọ̀tún kò yàtọ̀ sí bàtà yòókù, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹ̀ tòsì nípọn tó ìka mẹ́ta.

"Jẹ́ kí n fi ọ̀pá rìn díẹ̀ ná," ni Bàbá wí.

"Bí ẹ bá fi ọ̀pá rìn, ọ̀pá ló rìn, kì í ṣe bàtà mi," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ẹ gbé e wá. Bí ẹ bá fẹ́ ṣubú, màá gbá yín mú."

"Bí mo bá wó lù ọ́, a jẹ́ pé ìwọ náà máa nílò bàtà nìyẹn." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀, ó sì rìn dé ẹnu ọ̀nà láìdi nǹkan kan mú.

Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn: ó ń ṣe bàtà fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò dọ́gba. Mo ti rí i tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ oníbàárà ní ìgbà tó ju ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ n kò kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Bí oníbàárà bá dé, ìyá mi á ní kó dúró lórí bébà fífẹ̀, á fi pẹ́ńsù tọ etí ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá kọ gígùn, ìbú àti bí ẹsẹ̀ kan ṣe fi kúrú ju èkejì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bébà náà kì í pẹ́ láyé, nítorí a máa ń gé e láti fi gé awọ. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ya àwòrán rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí a tó gé e. Nínú yàrá ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà ńlá kan wà tí a ń pè ní sáfà. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó tọ́jú àwòrán, kó sì máa gbé e fún kọ̀ǹpútà kéékèèké méjì tó wà níwájú nígbàkígbà tí wọ́n bá béèrè. Ẹsẹ̀ ọdún mọ́kànlá ló wà níkùn rẹ̀.

Nígbà tó yá, sáfà náà bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹni tí ọ̀fìnkìn dè nímú. Nígbà mìíràn á kàn kú fúnra rẹ̀. Ìyá mi ra tuntun. Ẹni tó yẹ kó kó ẹrù láti inú àtijọ́ sínú tuntun ni Bọ̀dá Wáyà, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. A sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí pé wáyà kì í wọ́n nínú àpò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ń gbé e lọ sí ìlú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì.

"Màá ṣe é," ni mo wí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò ni, ọwọ́ mi dilẹ̀. Mo sì mọ kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Mo tú u palẹ̀, mo tò ó padà títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè mí nílé ìwé, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi nínú.

Bọ̀dá Wáyà wò mí. Ó kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà kan, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ tuntun: *Ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Yọ wáyà àtijọ́, kí ẹ fi tuntun nìkan ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje. Kí ọjọ́ méje tó pé, má fọwọ́ kan àtijọ́.*

"Ọjọ́ méje kẹ̀, Bọ̀dá! Ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni?"

"Àìsàn ìkánjú ni mò ń ṣọ́ra fún," ló wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo fi wáyà so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Kò tó wákàtí kan tó fi parí. Mo ní, "Áà, tuntun yìí mà yára o!" Mo ṣí àwòrán kan wò. Ẹsẹ̀ Bàbá arúgbó ọjọ́sí yọ sójú kọ̀ǹpútà kedere. Mo ṣí òmíràn, òun náà yọ. Mo sọ fún ìyá mi pé ó ti parí, pé mo sì ti dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí n kò mọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àyè tán nínú díìsìkì tí sáfà àtijọ́ ń kó nǹkan pamọ́ sí. Bọ̀dá Wáyà fi díìsìkì kejì sí i, ó sì kó gbogbo àwòrán ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀. Ní àyè tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ọ̀nà àbùjá ló fi síbẹ̀, ìyẹn àmì kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé, "Ohun tí ò ń wá kò sí níhìn-ín, lọ wò ó lọ́hùn-ún." Àmì yẹn ni mo kó. N kò kó ẹrù. Nítorí pé wáyà ṣì so ẹ̀rọ méjèèjì pọ̀, bí mo bá ti ṣí àwòrán, tuntun á gba inú wáyà lọ mú un níkùn àtijọ́, á wá gbé e fún mi bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ọ̀pá ló ń rìn.

Ká ní mo yọ wáyà yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré ni!

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọ̀rẹ́ mi yà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n fẹ́ díje nínú géèmù kan ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kọ̀ǹpútà wọn kò sì pé, ó ku ẹyọ kan. Ẹni tí à ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń ṣe agbẹnusọ.

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ pa tì yẹn ńkọ́?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ni mo wí. Mo fi bébà Bọ̀dá Wáyà hàn wọ́n.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kà á sókè, ó ń fa ohùn bíi ti àgbàlagbà. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Ọ̀gá Ẹ̀rọ o! Bébà ló ń pàṣẹ fún un!"

"Bóyá bébà yẹn gan-an ni ọ̀gá," ni ẹlòmíràn fi kún un.

Ẹ̀rín yẹn ló mú mi. Mo yọ wáyà, mo gbé sáfà àtijọ́ sórí tábìlì, mo sì nu gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ̀ méjèèjì mọ́ láìwò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé géèmù sí i. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, a gba ipò kejì, wọ́n sì ń pariwo orúkọ mi. Ní ọjọ́ Àìkú, mo dá ẹ̀rọ náà padà sí yàrá ẹ̀yìn, mo fi aṣọ bò ó.

Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin aránṣọ kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹgbẹ́ mi nílé ìwé. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni ìyá mi ti ń ṣe bàtà fún ọmọ náà.

"Dókítà ní kí a mú àwòrán ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ẹtì," ni aránṣọ wí. "Ti ọdọọdún, láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ rí bí ẹsẹ̀ náà ṣe ń kúrú sí i, kó tó mọ̀ bóyá òun á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún yìí."

"Ìyẹn ò le," ni ìyá mi wí. "Ọmọ mi, tẹ̀ ẹ́ jáde fún wọn."

Mo ṣí i. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí i. Mo ṣí òmíràn, kò rí i. Ti Bàbá, kò rí i.  Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe.

"Kí ló dé?" ni ìyá mi béèrè.

Ẹnu mi là fúnra rẹ̀. "Ó jọ pé díìsìkì àtijọ́ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, Màmá. Kí n tó fọwọ́ kàn án."

Ìyá mi gbé fóònù, ó pe Bọ̀dá Wáyà lójú gbogbo wa. "Irú ẹ̀rọ wo lo gbé fún mi? Ọdún mọ́kànlá, o ò sọ fún mi pé ó ti ń jẹrà! Ṣé iṣẹ́ rẹ nìyẹn?" Ó bá a wí títí ohùn rẹ̀ fi há. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Wáyà láti inú fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò sọ fún ọmọ náà pé díìsìkì kejì wà. Ẹ̀bi mi ni. Mò ń bọ̀."

Ó ń tọrọ àforíjì fún ohun tí èmi ṣe. Mo ń wo ilẹ̀. Ọmọ aránṣọ ń wò mí.

Bọ̀dá Wáyà pa iṣẹ́ rẹ̀ tì, ó dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ó ká aṣọ kúrò lórí sáfà àtijọ́, ó tàn án. Ohun àkọ́kọ́ tó yọ sójú rẹ̀ ni orúkọ géèmù náà, gàdàgbà, tòun ti ọkọ̀ ogun.

"Kí lo rí?" ni ìyá mi béèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wò mí, ó wo ìyá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu omi mu."

Nígbà tí ìyá mi lọ tán, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí o tó dán an wò, ṣé o yọ wáyà?"

Mo mi orí pé n kò yọ ọ́.

"Mo lè sọ fún ìyá rẹ pé díìsìkì ló kú. Wọ́n á gbà mí gbọ́, wọ́n á sì máa pè mí ní aláìmọṣẹ́ títí ayé. Mo lè gbé e. Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè gbé e?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lo ọjọ́ méjì. Bí ìyá mi ṣe gbé omi wọlé ni mo kúnlẹ̀.

"Màmá, kì í ṣe Bọ̀dá Wáyà. Èmi ni. Mo nù ún nítorí géèmù, ọjọ́ méje kò tíì pé. Mo purọ́ fún yín."

Ìyá mi kò nà mí. Kò pariwo. Ó gbé ife omi fún Bọ̀dá Wáyà, ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, forí jì mí. Mo bú ọ lójú èèyàn." Ìyẹn dùn mí ju ìgbátí lọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ìwọ, mú téèpù àti bébà. À ń lọ sílé aránṣọ."

Bọ̀dá Wáyà dúró ti sáfà náà. Ó ní ohun tí a bá nù nínú díìsìkì kì í sábà lọ tán, àfi bí nǹkan mìíràn bá ti jókòó lé e. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣà á, ó rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Géèmù ti jókòó lé ìyókù. Ti ọmọ aránṣọ kò sí nínú èyí tó rí.

Nílé aránṣọ, mo kúnlẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, mo sì fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe.

"Nítorí géèmù?" ni aránṣọ kígbe. "Ọdún mọ́kànlá ọmọ mi! Nítorí géèmù?"

  Ọmọ rẹ̀ dìde, ó tiro wọ yàrá, ó sì fa àpò ńlá kan jáde. Bàtà ló kún inú rẹ̀, láti orí èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ títí dé ti èṣí.

"Ìyá mi kì í da nǹkan nù," ló wí.

"Mo ní bóyá yóò wúlò fún ọmọ ẹlòmíràn ni," ni aránṣọ wí, bí ẹni pé wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án.

Ìyá mi mú bàtà kan, ó yí i padà, ojú rẹ̀ sì là. Ó máa ń fi bírò kọ oṣù àti ọdún sínú ahọ́n bàtà kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe. Bí ẹsẹ̀ ṣe kúrú tó lọ́dún kan ló ṣe máa ń mú kí àtẹ́lẹ̀ nípọn tó. A to bàtà náà sílẹ̀ ní ìlà, mo wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyá mi fi iye tí ìrìn ti jẹ lára àtẹ́lẹ̀ kún un, mo sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló pé. Méjì kò sí.

Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ bébà, mo sì di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú láti tọ etí rẹ̀. 

"Rọra o, Ọ̀gá Ẹ̀rọ," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ò ní ẹ̀dà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Aránṣọ pàápàá rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín.

Dókítà gba ìwé tí a kọ, ṣùgbọ́n ó ní ọdún méjì tó sọnù yẹn ṣe pàtàkì, pé kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà yẹn, èmi ni mo fà á. Gbogbo ìsinmi ni mo fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, tèmi ti téèpù, tí mo ń kúnlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ìyá mi ti pàṣẹ pé kí n tó wọn ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí mo fi wá. Àwọn kan dárí jì mí. Àwọn kan kàn gbé ẹsẹ̀ wá láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ àti àwọn yòókù kò bá mi dé ilé kankan.

Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tuntun tán, mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú díìsìkì mìíràn. Mo yọ wáyà gbogbo ohun tó lè ràn án lọ́wọ́, a sì fi òun nìkan ṣiṣẹ́. Mo ka ọjọ́ méje pé, mo wá fi ọjọ́ kan lé e.

Ní ọjọ́ kẹjọ, oníbàárà kan wọlé láti wọ bàtà tuntun. Ìyá mi na ọwọ́ sí i. "Ẹ gbé ọ̀pá yẹn fún mi." Kò wo ọ̀dọ̀ mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi náà ló ń bá wí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí a kò tíì gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sọ pé ó ti lè rìn. Ìkánjú ba iṣẹ́ mi jẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí n gbàgbé ìyẹn lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé ohùn jẹ́jẹ́ tó ń bẹ̀bẹ̀ nínú fóònù, nígbà tí èmi tí mo jẹ̀bi dúró síbẹ̀ tí mò ń wo ilẹ̀. Àṣìṣe ṣeé wọ̀n, ó ṣeé tún ṣe. Bí o bá ṣàṣìṣe, tètè sọ ọ́, kó tó di pé ẹlòmíràn ló ń gbé e fún ọ.