Ẹ̀gbà Ọrùn tí Ìyáálé Ń Fọ̀

Orí àga ni ikú ti bá Ìyá Àgbà. Tíì tó ń mu ṣì ń rú èéfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí itan bí ọwọ́ ẹni tó ń retí àlejò. Kò ṣàìsàn, kò ké, kò dágbére. Ṣùgbọ́n ohun tó já ará ilé láyà ju ikú náà lọ ni ọrùn rẹ̀. Ó ṣófo. Ẹ̀gbà ọrùn pupa tí ẹnikẹ́ni kò rí i kó bọ́ sílẹ̀ rí ti pòórá.

Ìyáálé ló kọ́kọ́ rí i. Oníbúrẹ́dì ni, ààrò rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, òun ló sì máa ń bá ìyá ọkọ rẹ̀ fọ ẹ̀gbà náà lọ́rùn rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. A po eérú ààrò mọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, a fi aṣọ funfun ra á títí yóò fi máa kọ mànà. Ìyá Àgbà a máa rẹ́rìn-ín bó bá ti ń fọ̀ ọ́, ẹ̀rín ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ. "Fọ̀ ọ́ dáadáa," ni yóò wí. "Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló ni ín." Ọdún gbọọrọ ni ìyáálé fi gbé ọ̀rọ̀ yìí sáyà bí ẹni gbé ẹyin.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni ilé wá dojú rú. Fúláwà tí ìyáálé bá pò lálẹ́ kì í wú mọ́. Búrẹ́dì rẹ̀ pẹlẹbẹ bí àtẹ́lẹsẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń dá a padà. Ọmọ rẹ̀ ń wúkọ́. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, òwìwí kan a bà sórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, a yí orí síbí, a yí i sọ́hùn-ún, a ké. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin àdúgbò kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n kàn ń sọ pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, wọn a sì kọjú sí fèrèsé ìyàwó kékeré.

Aránṣọ ni ìyàwó kékeré yìí. Kò tíì pẹ́ tí káfíńtà, ọkọ wọn, gbé e wọlé. Ọ̀dọ́ ni, ara rẹ̀ tutù, kì í bá ènìyàn jà, ìyẹn gan-an ló sì ń dun ìyáálé. Ó ní ẹni tí kì í jà, ibòmíràn ló ti ń jà. Kí aránṣọ tó dé, ìyáálé ni Ìyá Àgbà máa ń pè kó wá bá òun gé èékánná. Bó ṣe dé ni Ìyá ń pe aránṣọ, tí àwọn méjèèjì ń forí korí sórí fóònù, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, tí ìyáálé bá sì wọlé, ọ̀rọ̀ a kú sí wọn lẹ́nu. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ìyáálé ti rù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń ṣa igi ààrò lẹ́yìn fèrèsé aránṣọ nígbà tí ohun kan kọ mànà nínú yàrá. Ó yọjú. Ẹ̀gbà ọrùn Ìyá Àgbà ni. Aránṣọ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù sétí.

"Kì í ṣe nílé o, Baba," ni ìyáálé gbọ́. "Ọ̀sán gangan ni, lọ́dọ̀ yín. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, pàápàá ìyáálé mi."

Òwìwí ké lórí ògiri, ó sì fò lọ. Igi bọ́ lọ́wọ́ ìyáálé.

Ó sọ fún ọkọ. Káfíńtà ń fá pákó, kò dáwọ́ dúró. Ó bi í bóyá ó rí i tó fò.

"Ó ń fi ojú fò," ni ìyáálé dáhùn. "Ó pa ìyá rẹ, ó kó ẹ̀gbà ọrùn rẹ̀, ó tún ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàdéhùn. Pákó ni kí o máa fá o, títí yóò fi kan orí tìrẹ."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ kò jẹ oúnjẹ aránṣọ mọ́. Inú ìyáálé dùn díẹ̀. Adùn náà kò dé ikùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, aránṣọ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó gbàgbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Fóònù náà ń dún, ó dákẹ́, ó tún ń dún. Ìyáálé gbé e.

Ọkùnrin kan ni, ohùn rẹ̀ bí oyin. Ó pè é ní Mọ̀mí. Ó ní dókítà lòun, ẹ̀yìn odi lòun ń gbé, òun rí góòlù tí wọ́n fẹ́ tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkàn òun sì fà sí i. Ṣùgbọ́n aránṣọ le jù. Ó ní àfi kí òun wá fúnra òun sí ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ góòlù lójú ọ̀sán, àfi kí owó dé báńkì kí ohun ọ̀ṣọ́ tó kúrò níbẹ̀. "Mọ̀mí, ṣé ohùn mi jọ ti olè ni?" Ó ní òun lè san owó náà báyìí, sínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí Mọ̀mí bá dárúkọ. Ọmọ iṣẹ́ òun tó ń gun alùpùpù kò sì jìnnà síbẹ̀.

Ibi tí etí ìyáálé ti nà nìyẹn. Àṣé títà ni wọ́n fẹ́ tà á. Ohun tí òun fọ̀ títí ọwọ́ òun fi bó! Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ kọ́ ló ni ín mọ́ ni? Ó ka nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ sí i létí, ó sì júwe ilé fún un. Kò pẹ́ tí fóònù tirẹ̀ fi kígbe lábẹ́ ìró: àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó ti wọlé, ó rí bí èyí tí báńkì máa ń fi ránṣẹ́ gẹ́lẹ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tú òwú, ó rí ẹ̀gbà náà nísàlẹ̀. Ó wé e sínú bébà búrẹ́dì, ó sì gbé e fún ọmọ iṣẹ́ tó gun alùpùpù náà lẹ́bàá ààrò. Ẹni yẹn kò bọ́ akoto, kò sì kí i.

Ní báńkì, ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo àkáǹtì rẹ̀, ó wo àtẹ̀jíṣẹ́, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. "Mà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ irú èyí ránṣẹ́. Inú àkáǹtì la ti ń wo owó, a kì í wò ó lójú fóònù."

Ìyáálé pe nọ́ńbà ọkùnrin náà tó ti dà kọ láti inú fóònù aránṣọ. Kò lọ. Ó padà sílé. Kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè, ó ti káwọ́ lérí, ó ní àjẹ́ ti gbé ẹ̀gbà Ìyá Àgbà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lé e kó tó pa gbogbo ilé tán.

Àwọn mọ̀lẹ́bí péjọ sí pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn bi aránṣọ léèrè ibi tí ẹ̀gbà wà. Ó ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Wọ́n wò ó. Òwú nìkan ló wà níbẹ̀. Aránṣọ wo òwú náà pẹ́. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó wo ẹni tó pè é kẹ́yìn, ó gbójú sókè wo ìyáálé, kò sì sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dá a lẹ́bi lójú wọn. Káfíńtà fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń gbé e bọ̀ síta.

Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé alágbẹ̀dẹ góòlù, baba arúgbó tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Aránṣọ ti bá a ṣe àdéhùn ọ̀sán yẹn, baba retí rẹ̀ títí, kò rí i, ó sì wá wò ó. Baba náà béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún un. Ó jókòó, ó mú àpótí kékeré jáde lábẹ́ agbádá, ó ṣí i. Ẹ̀gbà tó wà níbẹ̀ nípọn, ó wúwo, ẹnikẹ́ni nínú ilé kò rí i rí.

"Góòlù ìyá yín nìyí," ni ó wí. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń sùn kí ẹ tó bí àgbà ọmọ yín."

Ó ṣàlàyé. Dókítà ti sọ fún Ìyá Àgbà pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀. Ló bá mú aránṣọ dání wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ya fọ́tò góòlù náà lórí òṣùwọ̀n, ó ní kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi ìdajì kọ́ ààrò tuntun fún ìyáálé, kí wọ́n fi ìdajì ra ẹ̀rọ fún aránṣọ. Ó ní kí wọ́n má sọ fún oníbúrẹ́dì títí yóò fi parí, torí bí etí rẹ̀ bá gbọ́, ẹnu ẹ̀rọ omi ti gbọ́, olè yóò sì dé ilé kí oníbàárà tó dé ṣọ́ọ̀bù.

"Èyí tó wà lọ́rùn wọn ńkọ́?" ni ọkọ béèrè.

"Idẹ ni. Èmi ni mo rọ ọ́. Ta ni nínú yín tó rí góòlù tí wọ́n ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ rí? Góòlù kì í dúdú."

Aránṣọ wá lanu. "Ìyá bọ́ ọ sí mi lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí a bá tà á tán, kí n gbé idẹ náà fún ìyáálé mi. Wọ́n ní ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ló ni ín. Bí mo bá rántí wọn nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbé e sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, nítorí ó ṣì ń run ọsàn."

 Ìyáálé rí i pé bí òun bá pa ẹnu mọ́, aránṣọ kò ní tú àṣírí òun. Ìyẹn gan-an ni kò lè gbà.

"Èmi ni mo gbé e," ni ó wí. "Gbájúẹ̀ kan ló pè, mo gbé e fún un. Mo rò pé ìyàwó yìí gba Ìyá lọ́wọ́ mi ni."

Káfíńtà la ẹnu láti pariwo. Aránṣọ ṣíwájú rẹ̀. "Ikú ti gbà wọ́n lọ́wọ́ àwa méjèèjì," ni ó wí, ó sì lọ gba ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ.

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ nígbà tí obìnrin kan wá ra góòlù náà, lójú ọ̀sán. Ìyáálé dúró ní báńkì títí ọmọbìnrin yẹn fi wo inú àkáǹtì, tó sì sọ pé owó ti wọlé, kó tó jẹ́ kí baba ṣí àpótí. Ààrò tuntun dé, yíìsì tuntun náà dé, torí yíìsì àtijọ́ ti kú, búrẹ́dì wú. Òwìwí kò lọ. Eku ló ń wá, àwọn eku tó ń jẹ fúláwà.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ọwọ́ ìyáálé gbàgbé. Ó ti po eérú mọ́ ọsàn wẹ́wẹ́ tán, aṣọ funfun ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó rántí pé kò sí ọrùn, kò sí ẹ̀gbà. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá àga tó ṣófo. Aránṣọ tó ń kọjá dúró. Ó bọ́ idẹ kékeré tó máa ń kì bọ ìka láti fi ti abẹ́rẹ́, ó sì fi í sínú àwo náà.

"Ìyá wa, ẹ bá mi fọ èyí. Ó ti dúdú."

Ìyáálé mú un, ó ń fọ̀ ọ́.