Aago Méjì Ọ̀sán Nevena

Níwájú pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ni Kamen ti kọ́kọ́ rí Nevena, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ìtìjú àti ìfẹ́ jọ wọ inú rẹ̀. Ilé alájà mẹ́jọ ni wọ́n jọ ń gbé nílùú Ruse, síbẹ̀ wọn kò tíì pàdé rí. Ọmọbìnrin náà gbé àpótí fayolíìnì kọ́ èjìká, yìnyín ń yọ́ lára fìlà pupa rẹ̀, ó sì ń ka ìwé pélébé kan. Bó ṣe ń kà á ni etí rẹ̀ ń pọ́n, títí omi fi lé ròrò sí i lójú.

Ìwé náà wí pé: "Ẹnì kan ń fún ológbò lọ́rùn ní àjà karùn-ún ní wákàtí ìsinmi. Kí ojú tì í." Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀. Kamen ló kọ ọ́.

Ènìyàn burúkú kọ́ ni Kamen. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Ọ̀sán ló máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, àárín aago méjì sí mẹ́rin, tí òfin ní kí gbogbo ilé dákẹ́, ló sì fi ń sùn. Nígbà tí fayolíìnì ń ké lókè orí rẹ̀ lójoojúmọ́, inú bí i, ó mú gègé. Kò rò ó pé ẹni tó ń ta á ní ojú àti omijé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ló wí.

"Ẹ ṣeun. Èmi ni wọ́n ń bá wí," ni Nevena dáhùn, ó fipá rẹ́rìn-ín. "Ológbò náà kò tíì kú ṣá."

Ó yẹ kí Kamen jẹ́wọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ṣí fún un.

Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sín. Bí Ọ̀gbẹ́ni Ognyan, bàbá Nevena, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, bá ń gun àtẹ̀gùn, àwọn ọmọdé á máa ké bí ológbò. Bàbá náà kò lè gbà á mọ́ra. Ó ní fayolíìnì kò gbọ́dọ̀ dún nílé òun mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde ni wọ́n máa dán àwọn olórin wò fún àyè kan ṣoṣo tó ṣófo nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú. Ọdún mẹ́fà ni Nevena ti ń retí rẹ̀.

Kamen fún un ní yàrá ìyẹ̀fun níbi iṣẹ́ rẹ̀ kó máa fi kọ́ orin. Wọ́n dán aago mẹ́fà àárọ̀ wò. Nevena ní ìka òun ti jí, ọkàn òun ṣì wà lórí ibùsùn. Wọ́n dán ìrọ̀lẹ́ wò, lẹ́yìn tó bá ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lórin tán, ṣùgbọ́n ariwo wọn ṣì ń hó ní etí rẹ̀. Kamen a máa fún un ní bánítsà gbígbóná, ìpápánu ìyẹ̀fun tí wọ́n fi wàràkàṣì sínú rẹ̀, wọ́n a jọ jẹ ẹ́ lórí àpò ìyẹ̀fun, títí "ẹ" fi di "ìwọ" láàárín wọn.

"Aago méjì ọ̀sán ni ọkàn mi máa ń pa pọ̀," ni Nevena wí lọ́jọ́ kan. "Ilé á dákẹ́, èmi náà á dákẹ́ nínú. Kí ló ṣe ẹni tó kọ ìwé yẹn tí kò kan ilẹ̀kùn wa? Ǹ bá ti bẹ̀ ẹ́." Ó wò ó. "Kí ló dé tí o kì í wojú mi, oníbúrẹ́dì?"

"Ìyẹ̀fun ló kó sí mi lójú."

Ọjọ́ Ìsinmi Ìdáríjì dé, èyí tó ṣáájú ààwẹ̀ ńlá, tí ọmọdé ń fẹnu ko ọwọ́ àgbà láti tọrọ àforíjì, tí ẹni tí a bẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà fúnra rẹ̀ tẹrí ba fún ìjọ. Kamen kò lè gbójú sókè. Dídákẹ́ ti gbẹ egungun rẹ̀. Ó ra haláfà, ohun dídùn tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ náà, ó gòkè lọ sí àjà karùn-ún.

Ognyan yọ̀ mọ́ ọn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló bá wá. Kamen fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo kọ ìwé yẹn."

Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. "Ọlọ́run dárí jì ọ́," ló wí. "Àmọ́, ìta gbangba lo ti bú wa, inú yàrá lo wá ti ń bẹ̀bẹ̀."

Nevena náà sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó sì wọ yàrá lọ. Kò sìn ín sọ́nà.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé mìíràn wà lórí pátákó: "Èmi Kamen, àjà kẹrin, ni mo kọ ìwé ológbò. Orin ni, mo purọ́. Mo ti bẹ ọ̀gá mi, àárọ̀ ni mo ń sùn báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Nevena máa ta fayolíìnì láago méjì. Ẹni tó bá gbà, kó fọwọ́ sí i." Ó dúró tì í fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà, kí olúkúlùkù lè rí ojú rẹ̀. Òun ni àwọn ọmọdé wá ń ké bí ológbò mọ́. Gbogbo ilé fọwọ́ sí i, Ognyan ló sì fọwọ́ sí i kẹ́yìn.

Ní gbogbo ọjọ́ ààwẹ̀, orin ń dún láago méjì, ṣùgbọ́n Nevena kò sọ̀ kalẹ̀ wá. Lẹ́yìn Àjíǹde, láago méjì ọ̀sán gan-an, ó kan ilẹ̀kùn Kamen.

"Wọ́n gbà mí," ló wí.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Kí ló dé tí o kò padà wá bẹ̀ mí?"

"Ojú ń tì mí."

"Ó ń ti èmi náà. Lọ́jọ́ mímọ́ yẹn, mo ní mo dárí jì ọ́. Irọ́ ni. Òní ni mo dárí jì ọ́, Kamen."

Kamen di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bí o bá gbà láti fẹ́ mi, n kò ní sùn láago méjì láéláé."

"Bó bá rẹ̀ ọ́, sùn. Màá máa ta á jẹ́jẹ́." Ó fi ọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò léjìká rẹ̀. "Bàbá mi ò sùn. Gòkè lọ bá a, kí o fẹnu ara rẹ sọ fún un."